Mo fẹ́ ra ilé tí ayálégbé yóò máa gbé ní Èkó: ẹ̀yin onílé, ẹ wá bá mi dá sí i

Olùkọ́ Ṣómólú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Èmi àti àbúrò mi tó wà ní Kánádà ti ń kó owó jọ, tèmi wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ wa. A fẹ́ kí owó náà di ilé tí á máa mú nǹkan wọlé, torí mi ò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì, mi ò sì fẹ́ gbójú lé owó ìfẹ̀yìntì nìkan.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ilé àtijọ́ kan ní Mushin, face-me-I-face-you oníyàrá mẹ́wàá. Àwọn ọmọ olóògbé ló ń tà á, àwọn ayálégbé sì ṣì wà nínú rẹ̀. Èkejì ni ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì ní Ìkòròdú tí a lè kọ́ mínì-fúláàtì sí. Ẹ̀kẹta, ilé-iṣẹ́ kan ń ta fúláàtì tí wọn kò tíì kọ́ ní ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n ní ká máa san án díẹ̀díẹ̀. Ọkàn àbúrò mi wà níbẹ̀ yẹn. Tèmi wà ní Mushin, torí mo mọ àdúgbò náà dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gba owó ilé, kí lẹ máa ń wò kí ẹ tó san kọ́bọ̀?

Ìyá Onílé, Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta

Olùkọ́ wa, ẹ káàárọ̀. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi parí un gan-an ni màá dì mú, pé ẹ mọ àdúgbò náà. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Onílé tí kò jìnnà sí ilé rẹ̀ ló ń tètè gbọ́ pé páìpù ti bẹ́, òun náà ló ń mọ̀ bí ayálégbé kan bá ti kó ẹni márùn-ún mìíràn wọ inú yàrá. Ilé àkọ́kọ́ kò yẹ kó wà níbi tí ẹ ò lè dé láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina tàbí Ìkẹjà, ohun tó máa kọ́kọ́ bi ẹ́jẹ́ńtì ni bí òun yóò ṣe máa débi iṣẹ́. Láti Oṣù Kẹsàn-án 2023 ni Blue Line ti ń kó èrò láti Mile 2 lọ sí Marina. Láti Oṣù Kẹwàá 2024 ni Red Line náà ti ń ná Agbádó sí Oyíńgbò, ó ń dúró ní Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Oṣòdì, Mushin àti Yábàá. Bí èèyàn bá lè fẹsẹ̀ rìn láti ilé Mushin yẹn dé ibùdókọ̀ ojú irin, ohun rere ńlá ni. Bí ó bá jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n máa wọ̀ kọjá ibi tó ṣókùnkùn lálẹ́, ẹ fi ìyẹn dúnàádúrà.

Ilé kéékèèké ni mo fẹ́ràn fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Mínì-fúláàtì àti self-contain ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ń wá. Bí ẹ bá ní mẹ́rin, tí ẹnì kan kó jáde, mẹ́ta ṣì ń sanwó. Bí ó bá jẹ́ fúláàtì oníyàrá mẹ́ta kan ṣoṣo lẹ ní, ọjọ́ tí wọ́n bá kó jáde ni owó dúró. Ní ti face-me-I-face-you, owó kékeré ni yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn oṣooṣù ni wọ́n ń san án, ìjà ilé ìdáná àti ti balùwẹ̀ kì í sì í tán. Ẹ má rà á kí ó lè wà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá máa rà á, kí ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ ọ́ dà.

Akáúńtáǹtì, Sùúrùlérè

Ìyá wa ti sọ ọ̀rọ̀ ibi tí ilé yẹ kó wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó, torí owó tí ayálégbé ń san kọ́ ni owó tó ń kù sọ́wọ́ onílé, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ dídùn mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ lásán ni mo fẹ́ ṣe, kì í ṣe iye ọjà, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Ká ní ẹ ra ilé onímínì-fúláàtì mẹ́rin ní ₦60 mílíọ̀nù. Lọ́yà àti ẹ́jẹ́ńtì máa ń bèèrè tó 5% lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦6 mílíọ̀nù. Ilé ti di ₦66 mílíọ̀nù, ẹ ò sì tíì fi orúkọ yín sínú ìwé ìjọba. Ká ní fúláàtì kọ̀ọ̀kan ń mú ₦900,000 wá lọ́dún, àpapọ̀ rẹ̀ ₦3.6 mílíọ̀nù. Ẹni tó ń ta ilé á ní 6% nìyẹn. Ó yá, ẹ yọ oṣù mẹ́ta tí fúláàtì kan máa fi ṣófo, ₦225,000. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá fún àtúnṣe, ₦360,000, kí ẹ yọ iye kan náà fún ẹni tó ń bá yín mójú tó ilé. Land Use Charge (owó ilé tí ìjọba Èkó ń gbà lọ́dọọdún), sókàwéè tó kún, ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́, ẹ fi ₦150,000 dí i. Ohun tó kù ni ₦2,505,000. Lórí ₦66 mílíọ̀nù, kò tó 4%.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yá owó báǹkì ra ilé àkọ́kọ́. Nígbà tí CBN dín èlé rẹ̀ kù ní Oṣù Kẹsàn-án 2025, 27% ló dín in kù sí, báǹkì á sì tún lé tirẹ̀ lé e. Ilé tó ń mú 4% wá kò lè san èlé tó tó bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ lọ gba owó NHF, àpò owó ilé tí òṣìṣẹ́ ń dá sí, tí Federal Mortgage Bank ń yáni ní èlé 6%. Ilé tí ẹni tó ń dáwó náà máa fúnra rẹ̀ gbé ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ilé tí ẹ fẹ́ fi gba ayálégbé.

Mi ò sọ pé kí ẹ má rà á o. Ilẹ̀ Èkó ń gbówó lórí, owó ilé náà ń lọ sókè, ilé sì ń pa owó mọ́ nígbà tí náírà bá ń yọ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ ra èyí tí owó yín ká pátá, kí owó àtúnṣe ọdún kan sì wà lọ́tọ̀, kí ẹ má ṣe máa fi owó oúnjẹ tún òrùlé ṣe.

Ẹ̀yin onílé tó kù náà, ẹ gbọ́ èyí. Òfin owó orí tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 Oṣù Kìn-ín-ní 2026. Ayálégbé lè yọ 20% owó ilé tó san lọ́dún kúrò nínú owó tí wọ́n máa gba owó orí lé lórí, kò kàn gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Wọ́n á máa bèèrè risíìtì gidi lọ́wọ́ yín. Owó tí ilé ń mú wá wà lára owó tí ẹ̀yin náà máa san owó orí lé lórí, nítorí náà ẹ tọ́jú risíìtì àtúnṣe, ti púlọ́mbà, ti ọ̀dà, gbogbo rẹ̀.

Lọ́yà Ìkẹjà

Kí ẹ tó dá iye kankan fún àwọn ará Mushin, ẹ gba ẹ̀dà súfèé, ìyẹn ìwé àwòrán ààlà ilẹ̀, lọ́wọ́ wọn. Kí súfèyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ bá yín gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláùsá, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Bí ó bá jẹ́ committed acquisition, ìyẹn ilẹ̀ tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má fetí sí ẹni tó ní òun mọ èèyàn níbẹ̀.

Ìbéèrè kan náà ni fún Ìkòròdú, ṣùgbọ́n ẹ fi ti gazette, ìwé ìkéde ìjọba, kún un. Ṣé abúlé náà ti gba excision lóòótọ́, ìyẹn pé ìjọba ti yọ ilẹ̀ wọn sílẹ̀ fún wọn? Ṣé púlọ́ọ̀tì yín gan-an wà nínú ààlà tí gazette náà sọ? Àwọn kan ń fi gazette abúlé kan ta ilẹ̀ abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, súfèyọ̀ nìkan ló lè já a.

Lẹ́yìn súfèé ni search, ìyẹn yíyẹ ìwé ilé náà wò, ní Land Registry. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ra ilé tó ti ní C of O (ìwé ẹ̀rí ìní ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba) fi gbọ́dọ̀ gba Governor's Consent, ìyẹn ìfọwọ́sí Gómìnà. Ilé àtijọ́ lè máà ní C of O, kó jẹ́ conveyance, ìwé títa ilé, tí wọ́n ṣe kí òfin yẹn tó dé. Ìwé gidi ni, ẹ má tìtorí ẹ̀ sá.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ní Mushin ni pé ogún ni. Bí olóògbé kò bá ṣe ìwé ìhágún, ẹni tí ilé ẹjọ́ gíga bá fún ní letters of administration, ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún, ló lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á, kì í ṣe ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ tàbí ẹni tó dàgbà jù. Bí ó bá ti di ilé ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé ló máa jọ fọwọ́ sí i. Bí olórí ẹbí kò bá sí níbẹ̀, títa náà kò tíì ṣẹlẹ̀ lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá sì dá tà á láìfi ti àwọn tó kù ṣe, wọ́n lè gba kóòtù lọ kí wọ́n dá a padà.

Olùkọ́ Ṣómólú

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Àkọ́bí wọn wà ní Dublin. Wọ́n ní ó ti gbà lórí fóònù, pé nígbà tó bá wálé ní ìparí ọdún á wá fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ká san díẹ̀ nínú owó náà báyìí ká fi di ilé náà mú, torí ẹlòmíràn ń bèèrè rẹ̀.

Lọ́yà Ìkẹjà

Ẹ má san án, mà. Ìwé lè lọ bá a ní Dublin kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Kó fọwọ́ sí power of attorney, ìwé tí á fi yan ẹni tó máa ṣojú rẹ̀, níwájú notary public níbẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sílé. Ẹni tó bá fẹ́ tà á kò ní kọ̀ láti ṣe èyí. Kí owó yín wà ní àkáúńtì yín títí gbogbo wọn yóò fi jókòó fọwọ́ sí deed of assignment, ìwé tó ń gbé ilé fún ẹni tó rà á. Bí ẹlòmíràn bá sì rà á kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, ó ti ra wàhálà tó yẹ kó jẹ́ tiyín.

Àwọn ayálégbé tó wà nínú rẹ̀, ọwọ́ yín ni wọ́n máa bọ́ sí pẹ̀lú gbogbo ẹ̀tọ́ wọn. Ẹ gba orúkọ wọn, iye tí wọ́n ń san, ọjọ́ tí owó wọn máa parí, kí ẹni tó ń tà á fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ náà. Ẹni tó ń san owó oṣooṣù, ìwé ìkìlọ̀ oṣù kan ni òfin fún un. Ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ọjọ́ méje, kí ẹ tó lọ sí kóòtù. Ẹ ka àsìkò yìí mọ́ owó ilé náà.

Kọ́ńtírátọ̀ Bàrígà

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ wá ẹ́ńjíníà kó bá yín wo ilé náà kí ẹ tó sanwó. Ẹ rántí ilé alájà tó ní iléèwé àwọn ọmọdé nínú tó wó ní Ìta Fájì ní ọjọ́ 13 Oṣù Kẹta 2019. Ní Oṣù Karùn-ún 2022 òmíràn tún wó ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta. Èèyàn kú nínú méjèèjì. Ilé tí ayálégbé ń sùn sí kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú lásán wò.

Ẹ wo ògiri: bí ó bá sán ní ìdàgẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé lọ sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ló ń rìn. Ẹ wo òpó: bí irin bá ti ń hàn, tó ti ń dípẹtà, tí kọnkéré ń já bọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọ̀dà. Ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò ti ìpínlẹ̀, Lagos State Materials Testing Laboratory, ló ń yẹ kọnkéré àti ilẹ̀ wò. Ẹ bi LASBCA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń ṣọ́ ilé kíkọ́, náà bóyá wọ́n ti kọ orúkọ ilé náà sí ara àwọn tó fẹ́ wó.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ yàrá mẹ́wàá di self-contain, ẹ lọ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ LASPPPA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń fúnni láṣẹ ìkọ́lé. Bíríkìlà àdúgbò á ní ògiri àárín yẹn kò ṣe nǹkan kan, pé ká wó o. Òun gan-an lè jẹ́ ohun tó ń gbé òrùlé dúró. Ẹ má gba kí ẹnikẹ́ni gbé àjà kan lé ilé ilẹ̀ tí wọn kò kọ́ fún un, bó ti wù kí owó tó máa wọlé pọ̀ tó.

Ìkòròdú: ilẹ̀ tó kún, púlọ́ọ̀tì kan, sábà máa ń jẹ́ 648 mítà onígun mẹ́rin. Ààbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 324, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ibi tí sókàwéè máa wà tí kò fi ní súnmọ́ kànga dẹ̀rọ jù, ẹ ti rò ó? Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ àbàtà, iyanrìn àti ìpìlẹ̀ lè jẹ owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi kọ́ ilé. Kò sì sí ayálégbé tó máa san kọ́bọ̀ títí ilé yóò fi parí. Ẹ ra ilẹ̀ náà bí owó bá kù, àmọ́ kì í ṣe òun ló máa bọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ̀yìn tì.

Ayálégbé Yábàá

Ẹ gba èmi náà láyè, torí àwa la máa gbé e. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò nínú ilé ni mítà. Bí kì í bá ṣe pé fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní prepaid tirẹ̀, mi ò ní wọlé. Láti Oṣù Kẹrin 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná Band A, àwọn àdúgbò tí iná ń pẹ́ jù, sókè, pípín bíìlì kan láàárín ilé mẹ́rin ti di ìjà ojoojúmọ́. Mà, kí ẹ tó rà á, ẹ bèèrè gbèsè tó wà lórí mítà àtijọ́, kí ẹni tó ń tà á san án.

Lẹ́yìn iná ni omi, lẹ́yìn omi ni gọ́tà. Ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ní Oṣù Kejìlá, mo máa ń wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ibi tí omi dé nígbà òjò ṣì hàn. POP àti táìlì olówó ńlá kì í mú mi dúró pẹ́ nínú ilé. Ohun tó ń mú mi dúró ni onílé tó ń tún nǹkan ṣe nígbà tí mo bá pè é, tó ń fún mi ní risíìtì, tí kì í ṣí ilẹ̀kùn mi wọlé láìsọ fún mi.

Ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí: owó ẹ́jẹ́ńtì 10%, àgírímẹ́ǹtì 10%, kọ́ṣọ̀n, gbogbo rẹ̀ lórí owó ọdún kan. Onílé tó bá mú un rọrùn fúnni, kíá ni ilé rẹ̀ máa kún, àwọn ayálégbé rẹ̀ á sì máa bá a pe àwọn ọ̀rẹ́ wọn wá.

Ọmọ Àgége, London

Ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín ní Kánádà pé a mọ ohun tó ń rò. Àwa tá a wà lókè òkun, fídíò dáadáa ni wọ́n fi ń mú wa. Kó bèèrè ìwé ilẹ̀ àti ìwé àṣẹ ìkọ́lé fún fúláàtì ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ yẹn. Kó wo orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ LASRERA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó àwọn tó ń ta ilé. Kí owó sì máa tẹ̀ lé iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀: ìpìlẹ̀ parí, ẹ san, àjà kìn-ín-ní dúró, ẹ san. Ẹni tó bá ṣèlérí èrè kan pàtó lọ́dọọdún lórí ilé tí kò tíì sí, mi ò ní fún un lówó mi. Ní ìhà ibẹ̀, ìjọba máa ń wó ilé tó dí ojú ọ̀nà omi, òpópónà Lagos sí Calabar tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024 náà sì ti gba orí ilé àti ibi iṣẹ́ àwọn kan kọjá. Kí súfèyọ̀ tiyín lọ wò ó, kì í ṣe tiwọn.

Bí ẹ bá sì ti ra ilé, kí owó ilé máa wọ àkáúńtì yín tààrà. Ẹni tó ń wá ayálégbé kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gba owó, ì báà jẹ́ mọ̀lẹ́bí.

Lọ́yà Ìkẹjà

Kí n fi èyí kún un lórí Òfin Ilé Gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, 2011. Ó wà káàkiri Èkó, àyàfi Àpápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island. Ayálégbé tuntun, ẹ kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ. Ẹni tó ti wà nílé tó ń san lóṣooṣù, kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Onílé tó bá yọ òrùlé, tó gé iná, tàbí tó fi àgádágodo ti ayálégbé mọ́ta láìgba àṣẹ kóòtù, ẹjọ́ ló ń wá fún ara rẹ̀. Ẹ kọ àgírímẹ́ǹtì fún ọdún kan pàtó, kí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí wà nínú rẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá pé tí kò sì sí àdéhùn tuntun, ìwé ọjọ́ méje ló kù kí ẹ tó lọ sí kóòtù, kì í ṣe oṣù mẹ́fà.

Ìyá Onílé, Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ lọ́yà dára, àmọ́ ayálégbé tó dára ni kì í jẹ́ kí èèyàn dé kóòtù. Mo máa ń bèèrè ibi iṣẹ́, mo máa ń gba onígbọ̀wọ́ tí mo lè rí, mo sì máa ń pe onílé tó ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn kò sí nínú ohun tí mò ń wò. Ẹni tó ń sanwó tó sì ń tọ́jú ilé, ọmọ mi ni. Ẹni tó bá fẹ́ kó wọlé lóru láìfẹ́ dáhùn ìbéèrè, kódà bó bá mú owó ọdún méjì wá, mi ò ní gbà á. Bí ẹ bá fẹ́ fi kún owó ilé, ẹ sọ fún wọn ṣáájú, kí ó jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Onílé tó bá gbé e sókè ní ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè rí i pé fúláàtì méjì ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà.

Olùkọ́ Ṣómólú

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Mo ti pe àbúrò mi. A ti fi ti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sílẹ̀, Ìkòròdú á dúró ná. Mo ti sọ fún àwọn ará Mushin pé kí wọ́n gbé ẹ̀dà súfèé àti letters of administration wá, mo sì ti ní kí wọ́n kàn sí àkọ́bí wọn. Bí wọn ò bá ní in, a máa wá mínì-fúláàtì méjì tó wà papọ̀ níbi tí kò jìnnà sí ojú irin. Kọ́ńtírátọ̀, ìgbà wo ló dára jù kí n mú ẹ́ńjíníà lọ?

Kọ́ńtírátọ̀ Bàrígà

Ẹ mú un lọ lẹ́yìn òjò ńlá, kí omi tó gbẹ. Ẹ jẹ́ kó gun àjà òrùlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó ṣí ìdérí sókàwéè, kó sì bi àwọn ayálégbé ibi tí omi ń gbà wọlé. Wọ́n á sọ fún un ju àwọn tó ń tà á lọ.